Káàdì Ló Ń Bọ́ Ilé Ìtẹ̀wé

Àwọn àgbà atẹ̀wé tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ prínńtà orí tábìlì bí ẹni ń ro ẹjọ́ àlejò tó gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ káàdì ìpè ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wá sí ilé ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀, kó yan bébà, kó san àsansílẹ̀, kó sì padà wá yẹ àkọ́tẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ní báyìí, ọmọ kan á jókòó sínú yàrá, á ya káàdì sórí kọ̀ǹpútà, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà líle, á kì í bọ inú ọ̀rá lámínéètì, ó parí. Ẹjọ́ náà dùn ún gbọ́, òótọ́ sì wà níbẹ̀, àmọ́ ó gbàgbé ọ̀nà tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Inú ọgbà ilé ló gbà wọlé. Ọwọ́ ẹni kan tàbí ẹni méjì pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ díẹ̀ ló wà fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi káàdì, rìsíìtì àti ìwé ètò ìsìnkú ló sì fi ń jẹun. Ìwé ìròyìn àti ìwé ìtàn tí a fi ń yangàn lónìí, owó iṣẹ́ wẹ́wẹ́ yẹn ló gbọ́ bùkátà púpọ̀ nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé káàdì tí wọ́n ń tẹ̀ nínú ilé lónìí kò gba iṣẹ́ kúrò ní ipa ọ̀nà rẹ̀ rárá, ipa ọ̀nà àtijọ́ ló tún padà sí.

Abẹ́òkúta ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà. Ní 1854 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ níbẹ̀, nínú ọgbà míṣọ́ọ̀nù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń kọ́ bí a ṣe ń to lẹ́tà lábẹ́ ojú rẹ̀. Ọdún márùn-ún kọjá kí ìwé ìròyìn tó jáde lára ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 1859 ni Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá kọ́kọ́ bọ́ sí ìgboro. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ sì ni wọ́n ń ta á. Ẹ fi ọkàn sí ohun tó wà nínú rẹ̀: ta ló ṣèrìbọmi, ta ló kú, ta ni bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀ wò, báwo ni owú ṣe ń lọ lọ́jà. Ìkéde ni púpọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí à ń fi káàdì ìpè àti ìwé ètò ìsìn ṣe lónìí. Nígbà tí ìjà Ifọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà bá ìjà náà lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ tó dá dúró tí ẹnikẹ́ni lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára ilé míṣọ́ọ̀nù. Ohun tó bá onílé ló bá ẹ̀rọ.

Èkó ni iṣẹ́ náà ti wá ta gbòǹgbò, àwọn tó sì gbé e ró níbẹ̀ kì í ṣe olówó tó ra ẹ̀rọ láti fi ṣe fàájì. Atẹ̀wé ni wọ́n. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Kingston, ló dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863. Lábẹ́ rẹ̀ ni Richard Beale Blaize, ọmọ Sàró tí wọ́n bí ní Freetown ní 1845, ti ṣiṣẹ́ atẹ̀wé kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé CMS, kó tó di oníṣòwò ńlá, kó sì tó fi owó ara rẹ̀ dá Lagos Times sílẹ̀ ní 1880. Ìwé ìròyìn tó ń tà ní ọgọ́rùn-ún díẹ̀ péré kò lè san owó bébà, owó yíǹkì àti owó ọmọ iṣẹ́. Ohun tó ń san án ni ìlú Èkó fúnra rẹ̀, ìlú tí àwọn Sàró àti Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone àti Brazil, ti sọ ìwé títẹ̀ di ara ẹ̀yẹ. Kò sí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì láìsí káàdì ìpè, kò sí àṣálẹ́ orin láìsí ìwé ètò, kò sí òkú ẹni ńlá tí wọ́n sin láìsí bébà onílà dúdú. Àwọn oníṣòwò náà ń fẹ́ rìsíìtì àti bébà olórúkọ. Iṣẹ́ yìí kì í dúró, nítorí àwọn èèyàn kì í yé gbéyàwó, wọn kì í sì í yé kú.

Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá ń rú yọ bí olú, ètò kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ jáde ní 1923, Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá sì bẹ̀rẹ̀ Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924. Ọ̀rọ̀ Ọbasá ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí mo ń sọ jù. Akéwì ni, olóòtú ni, ó sì tún ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Ilare Press. Ibẹ̀ ni ìwé ewì rẹ̀ ti jáde ní 1927. Ẹni kan náà ló kọ ọ́, òun náà ló ni ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, òun ló sì ń tà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá baba ńlá àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà àti prínńtà tẹ iṣẹ́ ara wọn lónìí, kó má wá a jìnnà, ó wà ní Ìbàdàn. I. B. Thomas náà ń bẹ ní Èkó, tó ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ní ìpín ìpín nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930. Ìtàn yẹn ni àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ gígùn ní èdè wa. Inú irú ilé ìtẹ̀wé kékeré báyìí ló ti jáde wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ káàdì ni iṣẹ́ tó dára jù fún ilé ìtẹ̀wé kékeré? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹyọ kan láyé lẹ́tà òjé. Àpótí onígi pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n pín sí ojúlé kéékèèké, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní ojúlé tirẹ̀. Atẹ̀wé á di irin ìtolẹ́tà mú lọ́wọ́ òsì, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún pẹ̀lú orí wọn nísàlẹ̀, nítorí bí ojú inú dígí ni ojú lẹ́tà ṣe yí padà. Tó bá to ìlà kan tán, á ti òjé tín-ín-rín sáàárín òun àti èyí tó tẹ̀ lé e. Á fi igi kún ẹ̀gbẹ́, á sì fún gbogbo rẹ̀ pinpin sínú férémù irin kó má baà tú. Ẹ̀yìn èyí ni yíǹkì, ẹ̀yìn yíǹkì ni àkọ́tẹ̀, ẹ̀yìn àkọ́tẹ̀ ni àtúnṣe: lẹ́tà kan ti jẹ, ìlà kan wọ́, orúkọ bàbá ìyàwó ti fo lẹ́tà kan. Níbi tí yíǹkì kò bá mú, ọ̀gá tó mọṣẹ́ á ki bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti gbé e sókè. Gbogbo wàhálà yìí ni wọ́n á ti ṣe tán kí káàdì kìíní tó jáde. Láti orí èkejì dé orí igba, kò tún ju kí ẹsẹ̀ máa tẹ pẹ́dàlì, kí ọwọ́ kan máa ki bébà bọ ẹnu ẹ̀rọ, kí èkejì sì máa yọ ọ́.

Ìṣirò tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló ń darí gbogbo ìtàn náà. Nínú ìtẹ̀wé òjé, orí ìpalẹ̀mọ́ ni owó ń lọ, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Nítorí náà, kò sí atẹ̀wé tó máa gba iṣẹ́ káàdì mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi tí onítọ̀hún bá máa san owó igba. Nígbà tí ẹ̀rọ onípáànù, irú Heidelberg tí wọ́n kó wọ Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, ní tòkunbọ̀ láti Yúróòpù, gba ipò òjé, òfin yìí tún le sí i, torí fíìmù àti páànù náà lówó lórí. Prínńtà orí tábìlì ló yí ìṣirò náà dorí kodò. Kò sí ìpalẹ̀mọ́ kankan tó ń gbowó, ẹ̀dà kìíní àti ẹ̀dà ogún iye kan náà ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n yíǹkì inú katiríìjì wọ́n débi pé ẹni tó bá fi tẹ ẹgbẹ̀rún káàdì nílé á kábàámọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀kan kò fi pa èkejì. Káàdì mẹ́wàá tí kò ríbi lọ tẹ́lẹ̀ ló bọ́ sínú ilé. Ẹgbẹ̀rún káàdì ṣì ń lọ sí Ṣómólú.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ilé ti jẹ́ ibi ìtẹ̀wé. Ní Boston, Benjamin Woods ti ń ta ẹ̀rọ kékeré tó pè ní Novelty fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti ọmọdé láti 1867. Ilé iṣẹ́ Kelsey ní Meriden, ìpínlẹ̀ Connecticut, tẹ̀ lé e ní 1872. Àwọn ọmọ tó ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tẹ káàdì tà tún ń tẹ ìwé ìròyìn kéékèèké, wọ́n sì pọ̀ débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1876. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Donald Aspinall bẹ̀rẹ̀ Adana ní Twickenham ní 1922, ẹ̀rọ tó ń gbélé orí tábìlì. Àmọ́ Japan ló ní ẹ̀rí tó wù mí jù. Àṣà wọn ni láti fi káàdì ọdún tuntun ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀gá àti ojúlùmọ̀. Ní 1977, Noboru Hayama, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Riso sílẹ̀, gbé àpótí kékeré kan jáde tó pè ní Print Gocco, tó ń fi iná gílóòbù tó kọ mànà ṣí ihò sára fíìmù kí yíǹkì lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ta ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ní 2008, Riso kéde pé àwọn ò ní ta á mọ́, nítorí àwọn ìdílé ti ń fi kọ̀ǹpútà àti prínńtà tẹ káàdì ọdún tuntun wọn. Ẹ̀rọ ilé mìíràn ni prínńtà ilé lé kúrò lórí tábìlì níbẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ńlá kọ́.

Prínńtà náà kò sì pẹ́ tó bí a ṣe rò. Ní 1977 kan náà ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ Canon rí i pé nígbà tí irin gbígbóná kan abẹ́rẹ́ tí yíǹkì wà nínú rẹ̀, yíǹkì tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìfófòó inú yíǹkì ló tì í jáde. Hewlett-Packard gbé ThinkJet jáde ní 1984, DeskJet sì tẹ̀ lé e ní 1988 ní iye tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ilé ló kọ́kọ́ wọ̀ bí kò ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tó ní kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, prínńtà, ẹ̀rọ lámínéètì àti jẹnẹrétọ̀ níta. Níbẹ̀ ni káàdì ìdánimọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti ọmọ iléèwé àti ti òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ kékeré ti ń jáde. Iṣẹ́ lámínéètì fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bébà ni wọ́n á kọ́kọ́ gé sí ìwọ̀n, wọ́n á wá kì í sínú ọ̀rá tó fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, etí tó ti lẹ̀ ni wọ́n á sì fi kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà jáde lẹ́yìn. Bí wọ́n bá gé e tán tí wọn kò ṣẹ́ etí ọ̀rá kù, omi á wọ̀ ọ́, yíǹkì á sì rá. Ìwọ̀n káàdì tí ayé fẹnu kò lé lórí, tí káàdì báńkì náà ń lò, ni mílímítà 85.6 ní gígùn àti nǹkan bíi 54 ní fífẹ̀. Bí ẹni tó ní prínńtà lásán bá tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n yìí, yóò bọ́ sínú àpò owó wẹ́kú.

Ibi tí àwọn alátakò ti máa ń gbá mi mú nìyí. Wọ́n ní ohun tó rọrùn báyìí ló mú kí ayédèrú gbòde, àti pé káàdì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ nílé kò lè jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Kò sí ẹni tó lè jiyàn pé ayédèrú pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ibi tí àṣẹ káàdì ti ń wá. Ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì 2011, àjọ elétò ìdìbò INEC, tí Attahiru Jega jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, gbé ẹ̀rọ lọ sí ọgbà iléèwé àti ojúde káàkiri Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, kámẹ́rà, ẹ̀rọ tó ń gba ìka, àti prínńtà kékeré. Wọ́n tẹ káàdì ìdìbò onígbà díẹ̀ fún àwọn èèyàn lójú ẹsẹ̀ sórí bébà, wọ́n sì dì í mọ́ inú lámínéètì. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 73. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló lo irú irinṣẹ́ tí à ń bá wí pé kò ní láárí, káàdì náà ni àwọn èèyàn sì fi dìbò. Kí ló fún un lágbára? Ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Nígbà tó di 2015 tí káàdì alálòpẹ́ oníke gba ipò rẹ̀, INEC kò gbẹ́kẹ̀ lé líle ike yẹn náà. Ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ni wọ́n fi sí ibùdó ìdìbò. Bákan náà ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ṣe rí. Òǹkà 11 ni, inú àkọsílẹ̀ ìjọba ló wà, bébà tí èèyàn tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kò sì ju àmì ìrántí rẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì tó ń gba káàdì nítorí pé ó ń dán, tí kò yẹ nọ́ńbà wò, àṣìṣe tirẹ̀ ni. Irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ sì ti wà kí prínńtà tó dé.

Ìtakò kejì lágbára jù, mi ò sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní lámínéètì ń ṣe bí ẹni ń dáàbò bo ìwé, nígbà tó jẹ́ pé ó ń bà á jẹ́ ni. Òótọ́ gbáà ni, ìtàn sì fi hàn pé àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ló kọ́kọ́ ṣi ọ̀nà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, William Barrow ní ìpínlẹ̀ Virginia bẹ̀rẹ̀ sí fi ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ di ìwé àtijọ́ mọ́ àárín ọ̀rá asiteeti. Àwọn ilé àkójọ ìwé ńláńlá gba ọ̀nà náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n wá rí i pé ìwé tó ti dì báyìí ṣòro láti tú, ooru náà sì ti jẹ ẹ́ níyà, wọ́n bá fi í sílẹ̀. Lónìí, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fún èèyàn ní káàdì Social Security ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi í sínú lámínéètì. Ẹni tó bá gbé ìwé ẹ̀rí ìbí, sáfíkéètì WAEC tàbí ìwé ilẹ̀ lọ fún oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà pé kó bá òun dì í, ó ti di ojú ìwé mọ́ ẹni tó lè fẹ́ yẹ òǹtẹ̀ àti bébà rẹ̀ wò lọ́la. Àmọ́ ẹ̀bi yìí kò kan káàdì tí a tẹ̀ nílé. Káàdì ẹgbẹ́ kì í ṣe ojúlówó ìwé tí kò ní èkejì. Bó bá bàjẹ́, fáìlì rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, a ó tẹ òmíràn. Fọ́tòkọ́pì sáfíkéètì ló yẹ kó wọ lámínéètì, kí ojúlówó wà nínú fáìlì rẹ̀.

Ìtakò tó kù ni ti iṣẹ́ ọwọ́, èyí ni mo sì fara mọ́ jù. Ọmọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé máa ń lo ọdún púpọ̀ lábẹ́ ọ̀gá kó tó gba fíríìdọ̀mù. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ kí ojú lè sinmi, bí orúkọ ìdílé ọkọ àti ti ìyàwó ṣe ń dọ́gba lórí káàdì kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, àti bí a ṣe ń ka àkọ́tẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú kí àṣìṣe má baà sá mọ́ni lójú. Atẹ̀wé ilé kò kọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tó ní dípò rẹ̀ ni àwòṣe tí ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀, èyí tó ń mú kí káàdì gbogbo ilé jọ ara wọn. Mo gbà pé àdánù ni, mi ò sì rò pé ẹ̀rọ kankan máa san án padà.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ilé lè ṣe dáadáa ju ilé ìtẹ̀wé òjé lọ. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ Yorùbá sílẹ̀, tí ìpàdé Èkó ní 1875 sì fìdí ìlànà àkọtọ́ múlẹ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà ti jẹ́ wàhálà fún atẹ̀wé. Àkànṣe òjé ni wọ́n ní láti rọ fún ẹ, ọ àti ṣ, àpótí tí kò bá sì ní in á tẹ ọ̀rọ̀ lásán. Àmì ohùn lórí rẹ̀ tún jẹ́ òjé mìíràn, ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn àtijọ́ fi máa ń fo ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní irú àwáwí yẹn: ẹnikẹ́ni lè fi àmì tó péye sí orúkọ lórí káàdì mẹ́wàá péré láìsan kọ́bọ̀ kún un. Ìṣòro tó kù ni pé ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní àyè tirẹ̀ gédégédé nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà kan àti àmì kan tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, fọ́ńtì tí wọn kò bá sì ṣe fún un á ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó gbé e ka orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè dà bí ẹni pé ó tọ́. Orí bébà ló ti ń hàn, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ tẹ káàdì nílé tẹ ẹyọ kan sórí bébà gbẹ̀fẹ́ ná, kó ka orúkọ náà sókè, kó yí fọ́ńtì padà bó bá yẹ, kó tó gbé bébà líle sínú ẹ̀rọ.